Bí Ẹ Bá Pè É Ní Àrá, Ẹ Bá A Lò Bí Àrá: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Àgbàdo àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Agbègbè Àkúrẹ́

Ìwé yìí wà fún àgbẹ̀ àti ará ilé ní Àkúrẹ́, Ìta Ògbólú, Ìjù àti Ìdànrè. A kò kọ ọ́ láti fi kọ́ yín ní ebè kíkọ tàbí oko ríro. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń rí lọ́dọọdún la fẹ́ bá wí: àgbẹ̀ tí ajílẹ̀ ìlérí olóṣèlú kún ọkàn rẹ̀, tí kò sí àpò kan nílé rẹ̀.

Ní gáréèjì àti lábẹ́ igi kòkó, àwọn èèyàn ti fi ojú ọjọ́ sọ olóṣèlú lórúkọ. Èyí tó ń pariwo lórí gbohùngbohùn ni àrá gbígbẹ. Èyí tó ń fò láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn ni ààjà: ó gbé eruku, ó gbé ewé gbígbẹ, ó yí lójú kan, ó lọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ lẹ́yìn ìbò ni kùrukùru àárọ̀. Àwọn orúkọ náà bá wọn mu. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ẹni tó fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárọ̀ náà ni yóò káwọ́ gbera títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi kọjá lórí àgbàdo rẹ̀, torí pé àrá ọ̀hún sán pé ajílẹ̀ ń bọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pè é ní àrá, ẹ bá a lò bí àrá: ẹ má wo ariwo, ẹ wọn ohun tó rọ̀.

Agolo fún òjò, ìwé fún ìlérí

Òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta ń bá ìjì wá láti ìlà-oòrùn. Mànàmáná ń kọ, páànù ń mì, síbẹ̀ ó lè má ju mílímítà 5 lọ. Ẹ mú agolo tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ dè é mọ́ òpó tó ga ní mítà 1 ní gbangba; bí igi ìtòsí bá ga ní mítà 5, kí agolo jìnnà sí i ní mítà 10. Ní aago 7 àárọ̀, ẹ ki rúlà bọ inú rẹ̀. Ẹ gé etí rúlà tí kò ní òǹkà dànù, kí ó má baà purọ́ fún yín. Ibi tí omi dé lára rúlà ni iye òjò tó rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ da omi náà nù.

Bí òjò ọjọ́ 7 bá pé mílímítà 25, tí ilẹ̀ sì tutù dé ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ gbìn. Bí kò bá pé, ẹ dúró. Ẹni tó gbìn sórí òjò àkọ́rọ̀, tí ọ̀dá ọjọ́ 10 sì tẹ̀lé e, yóò ra irúgbìn lẹ́ẹ̀mejì.

Bí olóṣèlú bá ní ajílẹ̀ ń bọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ dìde níbẹ̀, kó béèrè nǹkan mẹ́rin, kó sì kọ ìdáhùn lójú gbogbo èèyàn: àpò mélòó, irú ajílẹ̀ wo, ilé ìkẹ́rù wo, ọjọ́ wo. “A máa rántí yín” kì í ṣe ìdáhùn. Òdo ni kó kọ. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí àpò kò wọlé, òdo náà ni. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún un. Akọ̀wé tí ojú ń tì láti béèrè, kó gbé bírò fún ẹlòmíràn.

Ajílẹ̀ kì í dúró de ìbò

Ìbò gómìnà Oǹdó wáyé ní 16 oṣù Kọkànlá 2024. Ìpolongo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 19 oṣù Kẹfà. Àárín oṣù Kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, ìyẹn àárín gbùngbùn ariwo. Títí ìbò fi parí, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Fún éékà 1 àgbàdo, tí ẹ gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, ẹyọ kan nínú ihò: ajílẹ̀ NPK 15-15-15, àpò 3 oníkílò 50, ní ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn gbígbìn. Nǹkan bí ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan sí ẹsẹ̀ kan, kó jìnnà sí igi àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Ajílẹ̀ yúríà, àpò 1, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìdajì ìdérí sí ẹsẹ̀ kan. Bí òjò ńlá bá ṣú, ẹ sún un síwájú. Àgbàrá yóò gbé e lọ. Bí àgbàdo bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ó ti bọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn gbígbìn, ẹ ṣí yàrá ìkẹ́rù yín. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ nìkan ni ajílẹ̀ yín. Bí owó kò bá tó, ẹ fi àpò kan àti ààbọ̀ sí ìdajì éékà. Ẹ má fọ́n ọn tín-ín-tín ká gbogbo oko. Ẹni tó súnmọ́ ọlọ́sìn adìyẹ lè fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, àpò 40 oníkílò 50 sí éékà 1, ro mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn.

Bí àpò olóṣèlú bá wá dé nígbà tó ti pẹ́, ẹ gbà á, ẹ tò ó sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, ó di ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má fọ́n ọn sí àgbàdo tó ti ń gbẹ torí kí ayàwòrán lè rí yín. A ń rí èyí, kò dáa rárá.

Ìjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

“Dìbò kóo sebẹ̀”, ìyẹn owó tí olóṣèlú fi ń ra ìbò, ìjì ni òun náà. Ìjì kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá wó sì ń gba oṣù 10 sí 12 kí òmíràn tó so. Owó ìbò a se ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ọdún 4 ni gómìnà yóò lò. Òfin ìdìbò 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìbò 2024, sì fi owó ìtanràn tó tó ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì, lé ẹni tó fúnni ní owó ìbò àti ẹni tó gbà á lórí.

Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an, ọjọ́ tó bá yọ èso ni kí ẹ fi igi tì í. Ọparun méjì, mítà 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìdí wọn gúnlẹ̀ ní ìhà ibi tó ń tẹ̀ sí, ẹ gbé wọn ṣe àgbélébùú lábẹ́ ọrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ fi okùn dì wọ́n níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ má so okùn mọ́ ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò gé e. Lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ yẹ okùn náà wò.