Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn tó Ń Lọ Wo Igbó Ọba

Ẹni tó ti mọ̀ pé a kì í da pàǹtírí sínú igbó ọba, tó mọ̀ pé a kì í dáná síbẹ̀, òun ni mò ń bá wí. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, kó lọ ka pátákó ẹnu géètì ná. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ti náwó nára kí wọ́n tó dé, tí wọn ò rí ju ewé lọ, tí wọ́n wá ń sọ kiri pé kò sí nǹkan kan nínú igbó.

1. Dídé lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹranko máa ń jẹun. Bí oòrùn bá ti mú, ibòji ni wọ́n wà.

2. Lọ́fínńdà. Àgbọ̀nrín á ti gbóòórùn yín kí ẹ tó rí i. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lù yín lójú, kó má ṣe máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́ lọ bá wọn.

3. Awò ńlá. Ẹ fa àga, ẹnu mi kì í tètè sinmi lórí èyí.

Ẹni tó fẹ́ ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn á rí 20x50, á rí 8x42, á ní ogún ju mẹ́jọ lọ, á sì sanwó. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìlọ́po tí awò ń mú nǹkan tóbi. Èkejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú, ní mìlímítà. Ẹ fi àkọ́kọ́ pín èkejì: 8x42 á fún yín ní mìlímítà 5 àti díẹ̀, 20x50 á fún yín ní 2.5 péré. Ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú yín. Lábẹ́ igi tí ewé ti dí ojú ọ̀run, ní ìdájí, ọmọlójú yín á ti là ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa wá ìmọ́lẹ̀, awò yín kò sì ní in láti fún un. Òkùnkùn lẹ rà. Bí ọwọ́ yín bá tún gbọ̀n díẹ̀, gbígbọ̀n náà á di ìlọ́po ogún.

Arákùnrin kan gbé irú rẹ̀ bá wa wọgbó, ó wúwo débi pé ó ń fa ọrùn rẹ̀ wálẹ̀. Àgbìgbò kan bà sórí ẹ̀ka tó dojú kọ wa, ó ń já èso, ó ń jù ú sókè, ó ń hán an. Gbogbo wa ń wò ó. Arákùnrin yìí ń yí awò kiri: “Ẹ̀gbọ́n, níbo? Ewé nìkan ni mò ń rí!” Kò purọ́, torí awò tó bá ń mú nǹkan tóbi jù, ibi ṣínńṣín ló ń fi hanni. Mo ní, “Àbúrò, gbé e kúrò lójú.” Kó tó gbé e kúrò, ẹyẹ ti fò lọ, a ṣì ń gbọ́ ariwo ìyẹ́ rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá èyí tó tóbi ju tòun lọ wà. Mi ò fèsì, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ mi.

8x42 tó. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á ni bí nǹkan ṣe lè súnmọ́ awò náà tó tí yóò ṣì máa hàn ketekete. Èyí tó bá lè wo nǹkan ní mítà méjì dára fún labalábá. Fún òdòdó tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ dojú awò dé: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tí ojú ń wọ̀ súnmọ́ òdòdó tímọ́tímọ́, kí ẹ máa wò láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ńlá. Ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kòkòrò. Ọ̀fẹ́ ni.

Aṣọ bíi ti sójà ńkọ́? Ẹ fowó yín pamọ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Àwọn tó ń hú òdòdó lọ sílé, ọ́kíìdì ló máa ń wọ̀ wọ́n lójú jù. Gbòǹgbò rẹ̀ àti irú olú kan tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n jọ ń bọ́ ara wọn. Bí ẹ bá yà wọ́n, ikú ló sábà ń yọrí sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń dọ̀bálẹ̀ ya fọ́tò, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ àyà yín. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ pa kì í jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ dé gbòǹgbò. Ẹnì kan yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹlòmíì tẹ ipasẹ̀ rẹ̀, kó tó pẹ́, ọ̀nà tuntun ti la àárín òdòdó já.

Fífi fóònù kọ orin ẹyẹ kí ẹyẹ lè jáde: kò wá kí yín o. Ó rò pé ẹyẹ mìíràn ló wá gba ilẹ̀ òun, ó fi ẹyin sílẹ̀ wá jà, ẹyin sì ń tutù.

Ọmọ àgbọ̀nrín tó dá dùbúlẹ̀ nínú koríko kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀, yóò padà wá fún un lọ́mú. Mo rí ẹni tó fi jákẹ́ẹ̀tì wé ọ̀kan wá bá ẹ̀ṣọ́ igbó, tó ń retí ọpẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ní kó gbé e padà síbi tó ti rí i gan-an. Kò mọ ibẹ̀ mọ́.

Ó ku fọ́tò. Kí ẹ tó ya òdòdó tó ṣọ̀wọ́n tàbí ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹ fẹ́ gbé síta, ẹ pa ohun tó ń kọ ibi tí ẹ wà sínú àwòrán lórí fóònù yín. Àwọn tó ń jí ẹyin kó náà ń wo Facebook.