Bẹ́ ẹ ṣe máa lo humic fún àgbàdo àti tòmátì láì sọ owó nù

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Humic táwọn tó ń ta oògùn oko ń gbé kiri báyìí, yálà èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun dúdú tàbí èyí tó jẹ́ omi nínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe ajílẹ̀ o, ẹni tó bá sì rà á dípò NPK, ìbínú ló máa kórè. Ohun tó máa ń kù tí ewé, igi àti ìgbẹ́ ẹran bá ti jẹrà kanlẹ̀ ni. Wọ́n máa ń fà á látinú ìgbẹ́ ekòló, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, leonardite lorúkọ ẹ̀, ìbátan èédú ni, wọ́n á wá fi potassium hydroxide fa humic inú ẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí potassium humate lára àpò ẹ̀.

Ara gbòǹgbò niṣẹ́ ẹ̀ wà. Pọ́ǹpù kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò tó ń ti áàsìdì síta, H+-ATPase ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2002, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Luciano Canellas, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bràsíl fi humic inú ìgbẹ́ ekòló dán àgbàdo wò, wọ́n rí i pé pọ́ǹpù yìí ṣiṣẹ́ sí i, gbòǹgbò gùn sí i, àwọn kéékèèké tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà pọ̀ sí i. Tí áàsìdì bá ti jáde, ara sẹ́ẹ̀lì á dẹ̀, á lè nà, náíntrójìn inú ilẹ̀ náà á tètè rọ́nà wọlé. Àwọn onímọ̀ ará Itálì wá yẹ jíìnì (ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tí irúgbìn máa ṣe) wò lọ́dún 2004, wọ́n rí i pé Mha2, ìyẹn jíìnì tí àgbàdo fi ń ṣe pọ́ǹpù yẹn, ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú gbòǹgbò. Àwọn jíìnì tó máa ń dá auxin lóhùn náà máa ń jí, auxin yìí ló ń sọ fún gbòǹgbò pé kó yọ ẹ̀ka. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n tún jíìnì ẹ̀ ṣe, dẹ́rù bà yín níbí o, humic ò fi jíìnì kankan kún un, kò yọ kankan kúrò, èyí tó ti wà lára irúgbìn látilẹ̀ náà ló ń mú kó ta gìrì.

Ṣùgbọ́n tí ò bá sí oúnjẹ nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ nìyẹn, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ń wọlé. Torí náà NPK tàbí ìgbẹ́ adìẹ yín ò gbọ́dọ̀ yẹ̀ o.

Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ dán ọjà yẹn wò, torí ayédèrú pọ̀. Ẹ po díẹ̀ nínú ife tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀. Tí yanrìn bá sùn sísàlẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ rà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i dáadáa: humic gidi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù pọ̀, á máa rì, tó bá jẹ́ aró lásán ni, bó ṣe wà náà lá ṣe máa wà.

Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ nínú sípréyà tẹ́ ẹ bá pò ó mọ́ calcium nitrate tàbí oògùn kòkòrò tó jẹ́ áàsìdì, á ṣù, á dí nọ́sù. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò wọ́n jàre.

Tẹ́ ẹ bá máa pò ó, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sínú ike dé ìdajì, kẹ́ ẹ wá da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ rò ó, kẹ́ ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, tí wọ́n bá dẹ̀ kọ láti iye báyìí sí iye báyìí, èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ mú. Èmi ò kì í kọjá gíráàmù 1 sí lítà omi 1, ìyẹn 16 fún sípréyà onílítà 16, sìkéèlì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́. Tó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò á kúrú dípò kó gùn, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sí i, ẹ rọra o. Ìdí irúgbìn ni kẹ́ ẹ da á sí, nírọ̀lẹ́, kílẹ̀ ti tutù díẹ̀. Fún tòmátì, ẹ fi bomi rin ín ní nọ́sìrì, kẹ́ ẹ tún ti gbòǹgbò ẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ́ ọ. Fún àgbàdo, ẹ jẹ́ kó bá ajílẹ̀ àkọ́kọ́ rìn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 tó ti hù.

Ilẹ̀ oníyanrìn tí ò lọ́ràá ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò sí. Ilẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ ti ń da ìgbẹ́ adìẹ sí lọ́dọọdún, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan, humic tiẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan kó èsì ìwádìí rẹpẹtẹ jọ lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé ìwúwo igi àtewé fi nǹkan bí 22% lé, gbòǹgbò fi bí 21%, àmọ́ ibi tí humic ọ̀hún ti wá, ìwọ̀n tí wọ́n lò àti ipò tí irúgbìn wà máa ń yí i padà gan-an. Àti pé ìwúwo ewé kọ́ là ń tà lọ́jà. Torí náà ẹ fi poro 2 sílẹ̀ láì fún ní humic, kẹ́ ẹ fún 2 tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ajílẹ̀ kan náà fún gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ kẹrin ẹ hú igi díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ fọ gbòǹgbò ẹ̀ wò. Lásìkò ìkórè, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí àlékún yẹn ò bá tó owó humic, ìgbẹ́ adìẹ ni kẹ́ ẹ fowó yẹn rà lọ́dún tó ń bọ̀.