Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Àwọn Fíìmù Halloween Láì Ṣìnà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ inú Halloween, ọ̀wọ́ fíìmù adẹ́rùbani ti Amẹ́ríkà, yóò bá fíìmù 13 pàdé, láti 1978 títí di 2022, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì fẹ́ mọ̀ pé àwọn yòókù wà. Ẹ má wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò ó. Ọ̀nà tí mo máa ń fi mú àwọn ọ̀rẹ́ mi wọlé nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ti 1978 nìkan, lálẹ́, kí ẹ pa iná, kí ẹ gbé fóònù jìnnà. Owó tí John Carpenter, olùdarí rẹ̀, àti Debra Hill, tí wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀, fi ṣe é kò ju dọ́là 325,000 lọ, inú àìlówó yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ sì ti wá. Ìbòjú Michael Myers, apànìyàn inú rẹ̀, kò tó dọ́là 2 ní ṣọ́ọ̀bù; ojú Captain Kirk inú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ni tẹ́lẹ̀. Tommy Lee Wallace, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn ṣe fíìmù náà, fẹ ihò ojú rẹ̀, ó fín ọ̀dà funfun sí i. Ojú tó ṣẹ́ kù kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò sì jọ ojú ẹni tí a lè bẹ̀. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ya fíìmù náà ní California, ewé orí igi ṣì tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ewé ń gbẹ ni ìtàn rẹ̀ wáyé, ni wọ́n bá kun ewé ní àwọ̀ gbígbẹ, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n tún ṣà á jọ fún ibi tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí ẹ ti ń wò ó, ẹ má tẹjú mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ojú fèrèsé, ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni Michael máa ń dúró sí. Kì í sáré. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ tẹ́tí sí orin náà pẹ̀lú, Carpenter fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Márùn-ún márùn-ún ni a máa ń ka ìlù rẹ̀. Bàbá Carpenter ló fi ìlù bóńgò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ bá a lọ, ẹsẹ̀ yóò máa ṣìlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta, níbi tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń bá ara wọn jà: ẹ yan ọ̀nà. Ti 1981 sọ pé àbúrò Michael ni Laurie, ọmọbìnrin tí Michael ń lé kiri. Bí ẹ bá gba ìyẹn, ẹ lè gba ti 1988, 1989 àti 1995 lọ, tàbí kí ẹ fò wọ́n lọ bá ti 1998, níbi tí Jamie Lee Curtis, òṣèré tó ṣe Laurie, ti padà wá. Bí ẹ kò bá gbà á, láti 1978 ẹ bọ́ sí 2018 tààrà, kí ẹ fi ti 2021 àti 2022 tẹ̀ lé e. Èyí ni mo máa ń fún ẹni tuntun, torí lójú mi, ọjọ́ tí a bá mọ ìdí tí Michael fi ń pànìyàn ni ẹ̀rù rẹ̀ dínkù.

Michael kò sí nínú ìtàn ti 1982 rárá. Àwọn ènìyàn bínú sí i nígbà náà, ọ̀pọ̀ ti wá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wò ó lọ́tọ̀. Àwọn méjì tí Rob Zombie ṣe, 2007 àti 2009, tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè dúró.

Bí ẹ bá ti yan tiyín tán, ẹ padà sí ìparí ti 1978. Wọ́n ti yìnbọn lu Michael, ó ti jábọ́ láti òkè, ilẹ̀ tó ṣubú sí ti ṣófo. Kámẹ́rà wá ń fi àtẹ̀gùn hàn wá, pálọ̀, àwọn ilé tó dákẹ́ ní òru, bẹ́ẹ̀ sì ni a ń gbọ́ mímí rẹ̀ nínú gbogbo wọn.