Bí Mo Ṣe Ka Ìlù Ọkàn Mi Nígbà Ìsinmi àti Lẹ́yìn Eré Ìdárayá

Mo ti máa ń rò pé kíka ìlù ọkàn kò ju kí ènìyàn fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa wo aago. Nígbà tí mo wá jókòó ti iṣẹ́ náà, tí mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí ọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara bá sinmi àti nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe eré ìdárayá tán, mo rí i pé ti ìsinmi rọrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn eré ìdárayá gba ìmúra, nítorí pé ọkàn kì í dúró de ẹni tó ń kà á. Ohun tí mo lò kò pọ̀: aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ìwé àti bírò, àtẹ̀gùn kan, àti àbúrò mi obìnrin tó gbà láti máa bá mi wo aago.

Wíwá ibi tí iṣan ti ń lù ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Àtàǹpàkò ni mo fi tẹ ọrùn ọwọ́ mi, láìrántí pé àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lù, tó sì lè da ìkà rú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Mo yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè, mo wá to ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ti ọwọ́ ọ̀tún sí ọrùn ọwọ́ náà, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àtàǹpàkò, níbi kòtò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù, n kò ní gbọ́ nǹkan kan, nítorí mo ti dínà ẹ̀jẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá sì fúyẹ́ jù, bákan náà ni. Ènìyàn lè lo ẹ̀gbẹ́ gògóńgò náà, ibẹ̀ tilẹ̀ máa ń lù kíkankíkan jù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí a fọwọ́ kàn jẹ́jẹ́. Títẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ léwu, ó lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn tàbí kí ó dákú.

Kì í ṣe ọkàn gan-an ni ìka ń gbọ́ lọ́rùn ọwọ́, bí kò ṣe ìgbì tí ẹ̀jẹ̀ ń dá nínú iṣan ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá tì í jáde. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a fi ìró ọkàn fúnra rẹ̀ wé e. A kò ní ohun èlò tí dókítà ń fi sétí, nítorí náà àbúrò mi gbé etí lé mi láyà, bí àwọn dókítà ti máa ń ṣe kí René Laennec ará Faransé tó ká ìwé bí ọ̀pá ní ọdún 1816, tó sì fi tẹ́tí sí àyà aláìsàn. Èmi ka ọrùn ọwọ́, òun ka àyà, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi rí 64, òun rí 128. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò ní í lọ rí dókítà báyìí?” Ṣùgbọ́n 128 jẹ́ ìlọ́po méjì 64 gééré, ibẹ̀ ni a ti rí àṣìṣe náà: ìró méjì ni ọkàn máa ń dún nínú ìlù kan, èkíní nígbà tí àwọn ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pa dé, èkejì nígbà tí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde bá pa dé. Ó ti ka ìró kọ̀ọ̀kan sí ìlù kan. Nígbà tó tún un kà, iye wa dọ́gba. Bí ìlù ọkàn bá ń ṣe ségesège, iye méjèèjì lè yàtọ̀ ní tòótọ́, nítorí ìlù tí kò lágbára lè má dé ọrùn ọwọ́, ọ̀rọ̀ dókítà sì nìyẹn.

Fún ìkà ìgbà ìsinmi, àárọ̀ ni mo yàn, kí n tó mu kọfí. Mo jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, mo sì ka odindi ìṣẹ́jú kan, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ìlù náà máa ń yá díẹ̀ bí mo bá fa èémí sínú, a sì falẹ̀ bí mo bá mí jáde, èyí tí ìkà kúkúrú lè gbé gba ọ̀nà òdì. Àárọ̀ mẹ́ta fún mi ní 64, 66 àti 63. Bí mo bá dìde dúró, ó di 74. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ife kọfí kan àti àríyànjiyàn lórí fóònù, 78 ni mo rí. Gbogbo rẹ̀ wà láàárín 60 sí 100 tí wọ́n kà sí déédéé fún àgbàlagbà tó wà nísinmi. Àwọn eléré ìdárayá tó ń múra gidi lè sún mọ́ 40 láìsí àìsàn kankan.

Lẹ́yìn èyí ni mo ń gun ìpele àtẹ̀gùn kan sókè sódò fún ìṣẹ́jú 3. Ní ọjọ́ kìíní, mo jókòó, mo wá iṣan kiri fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, mo wá ka odindi ìṣẹ́jú kan bí mo ti ṣe ní àárọ̀. Mo rí 109. Iye náà kò bá bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ mu, mo sì ronú sí i títí tó fi yé mi pé ọkàn ń rọlẹ̀ bí mo ṣe ń kà á lọ. Ohun tí mo kà kì í ṣe òkè ibi tó dé, àdàlù òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì mo fi bírò sàmì sí ibi tí iṣan wà kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ka ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ní kété tí mo dúró, kí n tó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlù tó bọ́ sí àkókò tí àbúrò mi wí pé “ó yá” ni mo pè ní òdo. Bí mo bá pè é ní ení, ìlù 4 ni mo máa fi bu mọ́ iye ìṣẹ́jú kan láìnídìí. Mo rí 33, èyí tó jẹ́ 132. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó ti já sí 100, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 ó di 88, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 ó di 72. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ló já jù lọ, òun ni mo sì fẹ́ràn láti máa wò.

Láti fojú díwọ̀n ìlù tó pọ̀ jù lọ tí ọkàn lè lù, wọ́n máa ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ẹni ọdún 41 ni mí, nítorí náà 179 ni tèmi, ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sì jẹ́ ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 90 sí 125. 132 ti wọ inú èyí tó le. Àfojúdíwọ̀n lásán ni o, kò sì bá ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù mu rárá.

Àbúrò mi ní kí n ka tirẹ̀ náà. Nísinmi, ó jẹ́ 81. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé mo ti ka òdo mọ́ ọn. Mo tún un kà, 80 ni.