Báírò pupa, báírò búlúù: bí mo ṣe ń ka ìwé draft NFL

Gbogbo oṣù kẹrin ni ìwé máa ń kún orí tábìlì ilé ìdáná wa ní Maryland. Ìgbà yẹn ni NFL, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, máa ń ṣe draft: ẹgbẹ́ 32 á máa mú ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn oníròyìn á ti kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti irú ènìyàn tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń kọ̀wé sínú fáìlì aláìsàn, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo bá kọ ló ń ṣáájú aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tí mo bá kọ pé "ó ń yọni lẹ́nu," ojú tí wọ́n máa fi wò ó nìyẹn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, bí mo ṣe ń kà á nìyí.

Ẹ fi ìwé bo orúkọ àti àwòrán ọmọ náà. Ẹ fi báírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ara: agbára, eré sísá, gíga, "athletic," "explosive." Ẹ fi búlúù fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ orí: òye, "leader," "cerebral," "high football IQ." Ẹ ka iye wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó ṣí àwòrán, ẹ sọ bóyá adúláwọ̀ ni ọmọ náà tàbí òyìnbó: pupa ló sábà máa ń pọ̀ fún adúláwọ̀, búlúù fún òyìnbó. Ọkọ mi kì í sábà ṣì í.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń fi pupa yí po: "raw." Bí ẹran tí kò tíì jinná. Wọ́n fẹ́ràn láti fi pe àwọn ọmọ tó ní orúkọ bíi tiwa. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Christian Okoye láti Enugu, eré discus, ìyẹn jíju àwo, ló gbé e dé Amẹ́ríkà, yunifásítì ló sì ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù yìí. Ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ti ń gbá a láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tí wọ́n bá pe irú ọmọ yẹn ní raw, ẹ béèrè ohun tí kò jinná lára rẹ̀: ẹsẹ̀ ni àbí ọwọ́?

Iṣẹ́ gidi ni èyí tó kàn: ẹ wá ẹlòmíì tó gbá ipò kan náà lọ́dún kan náà, kí ẹ gbé àwọn méjèèjì síra. Ọdún 2018 ló kọ́ mi. Lamar Jackson, adúláwọ̀, ti gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní 2016. Josh Allen, òyìnbó, wá láti yunifásítì Wyoming. Quarterback ni àwọn méjèèjì, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ nínú pápá, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù. Nínú 100 bọ́ọ̀lù tí Lamar jù ní yunifásítì Louisville, 57 ló bọ́ sọ́wọ́ ará ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti Allen jẹ́ 56. Àléébù kan náà ni, àwọn oníròyìn sì tọ́ka rẹ̀ lára àwọn méjèèjì. Ìdájọ́ ló yàtọ̀. Bill Polian, tó ti ṣe ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ rí, sọ lórí ESPN pé kí Lamar lọ di wide receiver, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù. N kò rí ẹni tó ní kí Allen fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú sùúrù fún un, ó máa kọ́ ọ, ni wọ́n ń wí. Wọ́n mú Allen ní ipò 7. Wọ́n mú Lamar ní ipò 32, òun ni ìkẹyìn ní ìpele àkọ́kọ́. Ní òpin sáà 2019, gbogbo adìbò 50 ló yan Lamar ní MVP, agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní sáà náà. Polian náà ti gbà pé òun ṣì í. Allen náà ti gba MVP ti 2024. N kò bínú sí i rárá. Sùúrù tí wọ́n ní fún un tọ́, irú rẹ̀ ni mo ń wá fún ọmọ tèmi.

Tí ẹ bá rí "ó yẹ kó yí ipò padà," ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Marlin Briscoe, adúláwọ̀, gbá quarterback fún Denver ní 1968. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti di receiver ní Buffalo. Ní 1978, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó mú Warren Moon, quarterback adúláwọ̀, nínú draft. Ó kọjá sí Kánádà, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ fa igi lé ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀n. Ní 2011, ìwé kan sọ pé ẹ̀rín Cam Newton, quarterback adúláwọ̀, kì í ṣe ẹ̀rín òtítọ́. Ẹ̀rín! Bí mo bá kọ irú èyí sínú fáìlì, wọ́n á pè mí wá ṣàlàyé, torí ohun tí mo rí àti àsìkò tí mo rí i nìkan ni mo láṣẹ láti kọ. Máàkì Wonderlic, ìdánwò òye oníbéèrè 50 tí wọ́n ń ṣe ní ìṣẹ́jú 12, ẹ fò ó tí ẹ bá rí i nínú ìwé àtijọ́. NFL ti pa á tì ní 2022.

Tó bá wá jẹ́ ìwé ọmọ yín ńkọ́? Linebacker ni ọmọ mi, ọ̀kan lára àwọn tó ń dí ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́. Kóòṣì ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bọ́ọ̀lù kan kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún tó kọjá: pupa mọ́kànlá, búlúù ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń pàṣẹ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá nínú pápá, tó ń sọ ibi tí kálukú máa dúró kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Mo pe kóòṣì náà. N kò bá a jà. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú eré wo lẹ ti rí i pé kò mọ ibi tó yẹ kó wà?" Lẹ́yìn náà ni mo fi fídíò eré mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, mo kọ ìṣẹ́jú tí yóò wò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pè láìjẹ́ pé fídíò ti wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ti kọ àwọn ìṣẹ́jú náà sílẹ̀.