Àwọn àṣìṣe tó ń mú kí tumbler onírin máa làágùn

Omi tó ń sẹ̀ sára ife kò ti inú ife wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣáájú, torí òun ló ń mú káwọn èèyàn máa fi góòmù lẹ ìdí tumbler tí kò jò rárá. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà ti wá. Ní Ilé-Ifẹ̀ lásìkò òjò, ọ̀rinrin pọ̀ débi pé ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 22°C lọ ni ìrì máa sẹ̀ sí lára. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì sì wà ní nǹkan bí 4°C. Ẹ rọ ọ́ sínú ife oníke, kẹ́ ẹ gbé e sórí ìwé. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀kán omi wínníwínní á bo ara ife. Àwọn tó sún mọ́ra á dà pọ̀, wọ́n á ṣàn wálẹ̀, ìwé á sì tutù rinrin ní róbótó.

Tumbler tó dáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin ìpele méjì ni, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Ọgbọ́n yìí kan náà ni James Dewar, ọmọ ilẹ̀ Scotland, lò nígbà tó ṣe fúláàsì rẹ̀ ní 1892. Ooru ìta kò rí nǹkan kan tó lè gbà dé inú, irin ìta ò sì tutù, bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe wà lòun náà ṣe wà. Ìrì ò ní ibi tó máa sẹ̀ sí. Òfìfo àárín yẹn gan-an lẹ fowó rà.

Àṣìṣe tó ń tan èèyàn jẹ jù ni kéèyàn fi omi tútù dán tumbler wò lásìkò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ife tí kò dáa náà lè má làágùn rárá, títí òjò á fi dé tí àṣírí á tú. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ rọ ọ́ kún un, ẹ dé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara rẹ̀ yíká. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ létí ẹnu, níbi tí irin méjèèjì ti pàdé. Àmọ́ bí ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gbóná, afẹ́fẹ́ ti wọ àárín. Àwọn tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó ńkọ́? Ẹ yẹ inú wọn wò. Bí inú bá jẹ́ ike, kò sí òfìfo níbẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló wà láàárín, kò sì ní pẹ́ kó tó làágùn.

Bí iná bá dé, ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré ki tumbler tó kún fómi bọ fírísà, kó lè tutù kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Omi tó bá di yìnyín máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 fẹ̀ sí i. Irin inú kò nípọn, yìnyín á tì í, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin méjèèjì pọ̀ á sì là. Ojú jíjó yẹn ló di òfìfo náà mú. Fíríìjì kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú irin ìta pàápàá tutù, torí náà bẹ́ ẹ bá gbé e jáde, á làágùn fúngbà díẹ̀ bó ti wù kó dáa tó. Omi inú ọ̀rá ni kẹ́ ẹ kó sí fírísà. Bó bá ti dì, ẹ fọ́ ọ sínú tumbler. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kó tó yọ́, kó kọ́kọ́ rọ omi tútù sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó dà á nù, kó tó kó yìnyín sí i.

Ẹ má gbé e ká iná, ẹ má sì ki í bọ máíkíróweefu. Bó bá já bọ́ tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, irin méjèèjì lè kan ara wọn, ojú ibẹ̀ nìkan á sì máa làágùn, bíi kọ́bọ̀ kan. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú: bí ojú jíjó rẹ̀ bá ti là, omi á wọ àárín, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n bẹ́ ẹ bá mì ín. Irú èyí, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Bí iná bá kan omi tó há sáàárín irin méjì, ó lè bú gbàù, kò sì sí wẹ́dà tó lè dá òfìfo náà padà.

Bí ìdérí nìkan ló bá ń làágùn, ọkàn yín balẹ̀. Ike lásán ni ọ̀pọ̀ ìdérí, kò sí òfìfo nínú wọn. Ẹ fi àyè bí ìka kan sílẹ̀ lókè kí omi tútù má kan án, á dín kù. Ìlà ìrì tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí etí ẹnu ká náà kì í ṣe àbùkù.