Bí Wọ́n Ṣe Ń To Orin Síìdì Méjì, Mẹ́ta Sínú Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Kó Má Dàrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní síìdì nílé, tẹ́ ẹ ti ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Síìdì ẹyọ kan ò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro. Èyí tó máa ń dàrú mọ́ni lọ́wọ́ ni álíbọ́ọ̀mù tó jẹ́ síìdì méjì tàbí mẹ́ta, bíi orin òde ìnáwó tí wọ́n gbà sílẹ̀ látìrọ̀lẹ́ dìdájí, tàbí àkójọ orin àtijọ́ olórin kan, torí síìdì kan ò kí ń gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ, tí orin bá ti jù bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní láti pín in.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lọ́jọ́ tá a ń ṣe ìrántí ọdún kan bàbá mi, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó orin, mo sì ti kó síìdì jùjú méjì tí bàbá fẹ́ràn jù sórí fóònù, mo so ó mọ́ sípíkà. Orin kìíní ń lọ, àwọn ìyá ń mi orí, ẹ sì mọ̀ pé nínú jùjú orin kan ò kí ń dá dúró, ìlù ló ń gbé èyí wọnú èyí, gángan ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gé gbì, orin mìíràn bọ́ sílẹ̀ lójijì, orin kìíní inú síìdì kejì nìyẹn o, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá padà sí ìkejì ti síìdì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ife sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe àwo àbúrò mi nìyí? Kí ló dé tẹ́ ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí?" Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Kò sí nǹkan tó ṣe síìdì náà, kò sì sí nǹkan tó ṣe fóònù. Síìdì kọ̀ọ̀kan ló ń ka orin tiẹ̀ láti 1. Mo fún gbogbo orin lórúkọ álíbọ́ọ̀mù kan náà bó ṣe yẹ, àmọ́ mi ò kọ èyí tó jẹ́ síìdì 1 àti èyí tó jẹ́ síìdì 2 síbì kankan, fóònù wá rí orin 1 méjì, orin 2 méjì, ó tò wọ́n 1, 1, 2, 2, 3, 3 títí dé ìparí.

Nínú fáìlì orin kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ MP3 tàbí FLAC, àyè kan wà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ nípa orin náà sí, òun là ń pè ní táàgì. Ó dà bíi bébà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara kásẹ́ẹ̀tì, ibi tí fáìlì bá lọ ló ń bá a lọ. Orúkọ fódà ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti kó fáìlì jáde nínú fódà, ètò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà inú táàgì gan-an ni ká ti ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo síìdì méjì bí ìbejì. Orúkọ ìdílé kan ni wọ́n ń jẹ́, Táyé àti Kẹ́hìndé la fi ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Orúkọ álíbọ́ọ̀mù ni orúkọ ìdílé, ó gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà lórí gbogbo orin. Àpótí inú táàgì tí wọ́n kọ Discnumber sí, ìyẹn nọ́mbà síìdì, ni ti Táyé àti Kẹ́hìndé: ẹ kọ 1/2 sí gbogbo orin síìdì àkọ́kọ́, 2/2 sí ti èkejì, bí Ìdòwú bá wà ńbẹ̀ ó di 1/3, 2/3, 3/3. Àwọn kan máa ń kọ CD 1 àti CD 2 mọ́ orúkọ álíbọ́ọ̀mù, mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí fóònù á sọ wọ́n di álíbọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àkọ́kọ́ bá parí ó máa dákẹ́ síbẹ̀ ni. Àwọn mìíràn máa ń ka orin síìdì kejì lọ láti 13, 14, ìyẹn á ṣiṣẹ́ ṣá, àmọ́ kò ní bá ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí síìdì mu mọ́.

Mp3tag ni mò ń lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ táàgì ni, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ́pì gbogbo orin yẹn síbòmíì. Lẹ́yìn náà ẹ fa fódà síìdì àkọ́kọ́ wọnú ẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+A kó lè mú gbogbo orin, lápá òsì lẹ máa rí àwọn àpótí, ẹ kọ orúkọ álíbọ́ọ̀mù sí Album, orúkọ olórin sí Album Artist, 1/2 sí Discnumber, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl+S. Àpótí tẹ́ ẹ bá ti rí keep nínú ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó túmọ̀ sí pé kí orin kọ̀ọ̀kan di tiẹ̀ mú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún síìdì kejì. Ètò míì tó ń jẹ́ Picard náà wà, òun lè lọ wá gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí MusicBrainz, ibi tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwo orin jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́mbà síìdì pẹ̀lú, àmọ́ orin òde ìnáwó tiyín ò lè sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ ilé wa náà ò sí, ọwọ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́.

Album Artist yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Àwọn àgbà olórin wa máa ń pààrọ̀ orúkọ ẹgbẹ́. Fela lo Koola Lobitos, ó lo Africa 70, ó tún lo Egypt 80. Ebenezer Obey bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú International Brothers kó tó di Inter-Reformers. Bí àkójọ síìdì méjì bá kó orin ìgbà méjèèjì pọ̀ tí Album Artist sì ṣófo, àwọn fóònù kan á fọ́ álíbọ́ọ̀mù ọ̀hún sí méjì, mẹ́ta. Orúkọ ẹgbẹ́ lè wà ní Artist bó ṣe wà lára àwo, ó dáa bẹ́ẹ̀, ìtàn nìyẹn, àmọ́ orúkọ olórin nìkan ni kó wà ní Album Artist, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá jẹ́ olórin oríṣiríṣi ló wà nínú ẹ̀, ẹ kọ Various Artists.

Ohun tó tún ń tú álíbọ́ọ̀mù Yorùbá ká ni àmì ohùn. Lẹ́tà bíi á àti é ní àyè tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ẹ́ àti ọ̀ ò ní, ńṣe ni wọ́n ń to àmì lé ara wọn. Kíbọ́ọ̀dù kan lè mú ẹ kó gbé àmì òkè lé e, òmíràn á mú é kó fi àmì sísàlẹ̀ ẹ̀, lójú tiwa ọ̀kan náà ni, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ kan á kà á sí ọ̀rọ̀ méjì, lẹ máa bá rí álíbọ́ọ̀mù kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ ẹ ò ní mọ ohun tó fà á. Ẹ tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa kọ́pì ìyẹn gan-an síbi tó kù. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ yọ àmì kúrò o, torí ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ kì í ṣe nǹkan kan náà, orúkọ orin wa ò gbọ́dọ̀ di àdììtú fún ọmọ wa.

Ti fláàṣì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò kékeré tí wọ́n ń gbé lọ sóko, àti rédíò ọkọ̀ tó ti pẹ́, wọn ò kí ń wo táàgì, orúkọ fáìlì tàbí bí wọ́n ṣe kó o wọlé ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òmíì sì máa ń gbé àpótí òfìfo jáde níbi tí àmì bá wà. Nínú Mp3tag ẹ mú gbogbo orin, ẹ tẹ Alt+1, ẹ kọ $num(%discnumber%,1)-$num(%track%,2), fáìlì á di 1-01, 1-02 lọ, ti síìdì kejì á di 2-01. Nọ́mbà nìkan tó fún rédíò. Ẹ kó síìdì àkọ́kọ́ wọlé kó parí pátápátá kẹ́ ẹ tó kó èkejì.

Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ojú A àti ojú B kásẹ́ẹ̀tì kan, mo máa ń kà wọ́n sí síìdì kan, ojú A ni orin 1, ojú B orin 2, torí orin míì ń bá a lọ fún ìṣẹ́jú 45 lójú kan láìdúró, kò sídìí tá a fi máa gé e. Kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú páálí kan ló ń jẹ́ 1/2 àti 2/2.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má wo ojú fóònù lásán. Ẹ tẹ orin tó gbẹ̀yìn síìdì àkọ́kọ́, ẹ fà á síwájú kó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ èyí tó máa wọlé tẹ̀ lé e.